Ibi tí Garawa Gbé Ọmọ́yẹni Lọ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Eyínfúnjowó ṣì wà láyé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Èmi ni mo fi pè é nígbà tí mo dé ilé wọn, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, eyín rẹ̀ sì funfun nígbà náà bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Kòléoṣó, alákòóso àdúgbò kejì, ṣì wà láyé. A máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí a tó rí i. Ìyá Fẹ́hìntọlá tó wà lẹ́yìn ògiri wa ṣì wà láyé. Ọkọ mi náà, Ògúnrìndé, ṣì wà láyé, àmọ́ àìsàn ti wọ inú egungun rẹ̀ lọ, débi pé bí ènìyàn bá kàn fara kan ibùsùn, yóò ké. Gbogbo wọn ti lọ. Ó ku èmi, ó ku Ọmọ́yẹni ọmọbìnrin mi, òun kì í sì í fẹ́ kí n sọ ọ́ lójú òun.

"Ó tún kọ̀, Màmá."

Bí Ọmọ́yẹni ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Kò tíì bọ́ bàtà, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Kùrukùru ti rin irun rẹ̀ gbingbin.

"Kí ló kọ̀?" Eyínfúnjowó ló bi í, láti ibi tó jókòó sí nídìí ẹsẹ̀ ibùsùn. "Àbí garawa yín yẹn náà ló tún dá iṣẹ́ sílẹ̀?"

"Ìsọ̀ ni. Mo béèrè oògùn ìrọra díẹ̀ fún Bàbá mi. Wọ́n ní àwọn kò fún un, àfi tí mo bá ti pa ojú-ìwé rẹ̀ dé."

Eyínfúnjowó wò mí, ó wo ọmọ mi. Orí omi lòun ń gbé ní tirẹ̀, nínú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ṣì ń na ọjà síra wọn lọ́wọ́. Kò mọ òfin Àgbékọ́, ìlú wa. Nígbà tí omi bo ilẹ̀ ìsàlẹ̀, àwa kan gun òkè, a gbé ilé wa kọ́ ara àpáta. Àwọn kan ní àwọn kò gun ibì kankan. Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀ wá bá wa.

"Èwo ni ojú-ìwé?" ó ní. "Ìwé wo ni Ògúnrìndé kà?"

"Ojú-ìwé rẹ̀ nínú Ìsọ̀ ni, Màmá. Kò sí ẹni tó ń gbé orí òkè yìí tí kò ní. Ibẹ̀ ni ìrẹsì rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni omi ti ń wá, títí dé orí ọṣẹ. Alákòóso àdúgbò ló ń kọ ohun tí oníkálukú fẹ́ síbẹ̀, ihò ara ògiri yẹn ló sì ń gbà jáde. Bí ẹnì kan bá ti ń lọ, alákòóso á pa ojú-ìwé rẹ̀ dé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ju ìrọra sílẹ̀ fún un, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́."

"Ta wá ni alákòóso àdúgbò yìí?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ọmọ́yẹni yìí náà ni."

"Háà! Kí ni gbogbo wa wá ń sunkún sí? Lọ pa á dé, kí o padà wá jókòó ti bàbá rẹ."

"Kò rí bẹ́ẹ̀," Ọmọ́yẹni wí. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé eékún. "Ẹ kò tíì bi mí léèrè ibi tí yóò já mi sí."

Garawa tí a ń sọ yìí, ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí lè máa rò pé ti omi ni. Yàrá onípáànù kékeré kan ni, tó fi ìkọ́ rọ̀ sára irin, lẹ́nu ọ̀nà ilé alákòóso kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn kan ló ń gbà. Nínú rẹ̀ ni alákòóso ti ń kọ fọ́ọ̀mù, bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ láì yan ibì kankan, garawa náà ló máa pinnu ibi tí alákòóso yóò bọ́ sílẹ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rìn. Bí Ọmọ́yẹni bá tún nǹkan ṣe lórí ojú-ìwé ẹnì kan, bóyá ó sọ ìrẹsì di ẹ̀wà, kì í mira rárá. Ibi tó ti wọlé náà ni yóò ti jáde. Bó bá fi nǹkan tuntun kún un, á gbé e lọ sí Gbàgede Àtòkọ láàárín ìlú, kó lè fojú ara rẹ̀ rí nǹkan náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó padà wálé.

"Bí mo bá sì pa ojú-ìwé ènìyàn dé," Ọmọ́yẹni sọ fún Eyínfúnjowó, "Ilé Ìkókó ló ń gbé wa lọ, lórí òkè kejì, lẹ́yìn Ìṣàn-Ńlá. Èmi ni mo sì máa ṣí ojú-ìwé fún ọmọ tuntun tí mo bá bá níbẹ̀. Bí mo bá lọ láàárọ̀ yìí, ọ̀la ni n óò tó padà."

"Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn jókòó ti òkú rẹ̀?"

Ọkọ mi ló dáhùn. A ò mọ̀ pé ó jí. "Láyé àtijọ́ wọ́n ń jókòó," ó ní, ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó gbé ẹrù sórí. "Ni wọ́n bá ń pa á dé, wọ́n á gba ìrọra tán, wọ́n á tún un ṣí kí Ìgbìmọ̀ tó mọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí irin máa gbé wọn kúrò..."

Kò parí rẹ̀. Ìrora náà ti dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún tèmi pọ̀ bí ẹni fẹ́ fún un ya. Nígbà tó lọ tán, ojú rẹ̀ ti rì sínú.

Eyínfúnjowó ti dìde. "Ẹ gbọ́ mi o. Nínú ilé tí a ti bí wa, àkọ́bí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Òun ló ń fi omi tọ́ ọ lẹ́nu, òun ló ń kì í títí tí yóò fi lọ. Ọmọ yìí nìkan lẹ bí. Bí garawa bá gbé e lọ, ta ni yóò ṣe é? Èmi? Èmi kọ́ ni mo jáde lára rẹ̀."

"Ṣé kó wá máa joró báyìí ni?" mo ní.

"Mi ò sọ pé kó máa joró. Mo ní kí ọmọ má lọ!"

"Ọ̀kan náà ni, Eyínfúnjowó. Ọ̀kan náà lẹ ń sọ."

"Ìyàwó wa, má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀ o."

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ gáfárà, torí ọmọ ọkọ ni ọmọ ọkọ ń jẹ́, ì báà ṣe pé mo ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ibi tí a ti ń fà á ni Kòléoṣó wọlé. Iṣẹ́ kan náà lòun àti Ọmọ́yẹni jọ ń ṣe. Àdúgbò tirẹ̀ ni ó wà lódì kejì afárá okùn. Lọ́jọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kí Bàbá, ó pè é ní Bàbá Onírin bó ṣe máa ń pè é, ó wá fa Ọmọ́yẹni sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yàrá kan náà la kúkú wà, gbogbo wa là ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá yí àdúgbò Bàbá padà sí tèmi, àtúnṣe ni, kò ní gbé yín lọ síbì kankan. Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ó ti di ará àdúgbò mi nìyẹn. Èmi ni mo máa pa á dé, èmi ni garawa máa gbé lọ sí Ilé Ìkókó. Ẹ̀yin á jókòó síbí... rárá, ẹ̀yin á jókòó lọ́hùn-ún pẹ̀lú wọn."

"Lọ́hùn-ún ibo?"

"Ilé mi. Ihò ògiri tèmi ni ìrọra máa gbà jáde. Ojú Ìsọ̀ tó wà lókè ihò náà sì gbọ́dọ̀ rí Bàbá níbẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀. Kí a kàn gbé wọn kọjá lórí afárá."

Eyínfúnjowó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ tí a bí ire! Ìwọ ni mo máa bá lọ sílé lónìí!"

"Ẹ má gbàgbé pé mo ti níyàwó, Màmá."

"Kó jókòó sí iwájú ọkọ̀, kí n jókòó sẹ́yìn!"

Àní a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a gbọ́ ẹ̀rín kẹ́yìn nínú yàrá yẹn, mi ò rántí mọ́. A wá wá àga onígi tó lọ́wọ́, a tẹ́ aṣọ sí i, a tẹ́ òmíràn lé e. Kòléoṣó gbá a mú lábẹ́ apá, Ọmọ́yẹni mú ẹsẹ̀, èmi mú orí. A ní, ó yá. A ò tíì gbé e kúrò lórí ibùsùn tán. Ohun tó jáde lẹ́nu ọkọ mi, mo ti bí ọmọ rí, mo ti rí ilé tó wó lu ènìyàn rí, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò sáré jáde. Ìyá Fẹ́hìntọlá ń pè láti ẹ̀yìn ògiri pé kí ló dé, kí ló dé. A rọra dá a padà. Kòléoṣó jáde síta, ó fi iwájú orí ti ògiri.

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ afárá mọ́.

Ọmọ́yẹni lọ wọ inú garawa. Mo dúró títí, mi ò gbọ́ kó dún, mo bá tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí ìjókòó kékeré yẹn, ó ti ṣí fọ́ọ̀mù náà síwájú. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà lókè. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan," ó ní. Ó fi ìka hàn mí nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. "Lórí fọ́ọ̀mù tó kù, ibí yìí ni mo ti lè yan ibi tó máa já mi sí. Mo lè ní kó dá mi padà sí àtòkọ. Mo lè ní kó jẹ́ kí n dúró. Mo lè ní kó ṣí òmíràn fún mi. Ẹ wò ó lórí èyí. Ó ti kú." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ibẹ̀ ṣú bí eérú, kò dá a lóhùn. Ilé Ìkókó nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Mi ò tíì fọwọ́ kan ibẹ̀ rí, láti wò ó bóyá ó ṣeé yí."

Páànù náà tutù. Mo fi ìborùn mi bò ó lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi. Kí n tẹ̀ ẹ́, àbí kí n má tẹ̀ ẹ́? Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, mo wà níbí, n óò máa gbọ́ ọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní rí i mọ́ láyé."

Ìyá ni mo jẹ́, ìyàwó náà ni mo jẹ́. Mo ní, "Egungun tèmi kọ́ ló ń ro mí, Ọmọ́yẹni. Wọlé lọ bi ẹni tó ni ín."

Ó wọlé. Ọkọ mi ti la ojú sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Àpò rẹ dà?" ó ní.

Gbogbo ará Àgbékọ́ ló mọ àpò yẹn. Bí alákòóso bá ti fẹ́ lọ pa ojú-ìwé dé, á gbé àpò kọ́ èjìká, aṣọ òtútù wà níbẹ̀, gàrí díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ọ̀nà jìn. Ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà á dákẹ́, ọkùnrin á ṣí fìlà.

"Mi ò lọ síbì kankan, Bàbá."

"Ọmọ́yẹni."

"Bàbá mi."

"Èmi ni mo tẹ́ irin yẹn. Àwa la tẹ́ ẹ láti ìhín títí dé Ilé Ìkókó. Nígbà tí a dé ọ̀hún, mo bi ọ̀gá wa pé kí ló dé tí irin yìí kò ní ìyípadà, tí ẹni tó bá lọ kò lè gba ojú ibi tó gbà lọ padà. Ó ní kí n máa tẹ́ irin. Mo sì tẹ́ ẹ." Ó mí. "Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo mọ bó ṣe pẹ́ tó."

"Ìyẹn ni mo ṣe ní mi ò lọ."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kó tó tún dé. O rò pé bí o bá jókòó síbí, èmi á mọ̀? Bó bá ti gbé e dé, mi ò mọ ẹni tó wà nínú yàrá. Mi ò mọ ìyá rẹ. Ó ń di ọwọ́ mi mú, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ni. Ìrora nìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èmi àti òun. Ta ni ìwọ wá fẹ́ jókòó tì?"

Ọmọ́yẹni bú sẹ́kún. Ó ní, "Omi náà ńkọ́? Àbúrò yín ní èmi ni mo gbọ́dọ̀ fi omi tọ́ yín lẹ́nu."

"Kí ló dé? Fún mi nísinsìnyí."

Eyínfúnjowó fò dìde. "Èèwọ̀! Wọn kì í ṣe é fún alààyè!"

"Nígbà tí mo bá kú tán ni mo wá fẹ́ mu ún?" ọkọ mi bi í. "Ìwọ obìnrin yìí, láti kékeré lo ti fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ọmọ mi, bu omi wá."

Ó bu ú. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ètè bàbá rẹ̀. Omi ń kán sí àgbọ̀n bàbá rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

"Ògúnrìndé, ọmọ a-tẹ́-irin-bí-ẹní. Ọmọ afúnná-lójú-òjò. Òkè ò ga jù fún baba rẹ láti gùn, òkúta ò le jù fún un láti gbẹ́..."

Ibẹ̀ ló dé tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Orí òkè la bí i sí, kò gbọ́ oríkì náà tó. Ó tún ọ̀kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Eyínfúnjowó ti kẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri, ó ní òun kò bá wa lọ́wọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti jáde. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ ọ́ sí bàbá rẹ̀ létí. Ọmọ a-jí-lu-owú. Ọmọ a-gbọ́-dídún-irin-má-sá. Títí wọ́n fi kì í tán. Ọkọ mi ń mi orí. Ó ní, "Ó tó. Mo ti gbọ́. Lọ gbé àpò rẹ."

Èmi ni mo di àpò náà fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ̀, bí ọkùnrin, kò kúnlẹ̀. Ó jáde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ti rí àpò, gbogbo wọn dúró. Kòléoṣó ti ṣí fìlà. Ọmọ́yẹni wọ inú garawa, ó ti ilẹ̀kùn. Mo retí pé kó tún jáde. Garawa dún lẹ́ẹ̀kan, ìkọ́ rẹ̀ gbá irin mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó wọ inú kùrukùru, a ò rí i mọ́, dídún rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó yá a ò gbọ́ ìyẹn náà mọ́.

Kí n tó dé inú yàrá padà, nǹkan ti já bọ́ látinú ihò ògiri. Ìgò kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó tutù nini. Ìyẹn náà ni ohun tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo kán an sábẹ́ ahọ́n ọkọ mi, mo jókòó, mo ń wò ó.

Ó kọ́kọ́ tú ọwọ́ tó fi di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú. Iwájú orí rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tẹ́. Ojú rẹ̀ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ìrìnàjò dé. Ó wo yàrá yíká.

"Ìyá Ọmọ́yẹni," ó ní, "ta ló ń dín àkàrà?"

Mo ti gbàgbé pé ó ní ohùn yẹn. Ìyá Fẹ́hìntọlá ló ń dín in, lẹ́yìn ògiri. Ojú-ìwé ọkọ mi ti padé báyìí, Ìsọ̀ kò ní fún un ní ẹ̀wà kan ṣoṣo mọ́, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na oúnjẹ sí ẹlòmíràn lórí ògiri. Ìyá Fẹ́hìntọlá gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó kàn wọlé wá, ó tú ìró rẹ̀ díẹ̀, ó mú àkàrà gbígbóná jáde níbẹ̀ nínú ewé.

"Ará ilé wa ti di olè," ọkọ mi wí.

"Ẹ jẹ ẹ́ kíákíá, kí ẹ̀rí lè tán nílẹ̀," ó dá a lóhùn.

Ó jẹ ẹ́! Mo fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, ó ń jẹ ẹ́, epo rẹ̀ ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n. Láti ìgbà tí àìsàn ti wọlé, omi ọkà ni mo ti ń fi ṣíbí rọ sí i lẹ́nu. Eyínfúnjowó ní kó fún òun ní díẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi wò ó lẹ́nu.

"Eyínfúnjowó, gbogbo owó náà ti ná tán?"

Kò kúkú sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ló ná an! Òun ló ń pè é lójoojúmọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ẹ̀rín kan náà ni wọ́n ń rín, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ti bí wọn, ti kànga, ti ìyá wọn tó máa ń bá adìẹ jà. Kòléoṣó wọlé wá fetí sí i, ẹ̀rín rẹ̀ tí a mọ̀ sì jáde. Oòrùn yọ. Kùrukùru ká kúrò lójú fèrèsé.

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò wọ́n, inú mi ń dùn, ó sì ń bà jẹ́ nínú dídùn náà. Gbogbo ìgbà tó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Òun náà rí mi. Ó ní kí a yí òun sí ojú fèrèsé. A yí i, kò dùn ún. "Á ti kọjá Ìṣàn-Ńlá báyìí," ó ní. "Bí omi bá pọ̀, ó máa ń ta sí i lára díẹ̀. Á ti máa wọ inú ihò òkúta. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀ o. Kì í pẹ́ ṣá. Kó má bẹ̀rù."

Ohun tí Ọmọ́yẹni rí lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ni ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ọmọbìnrin jòjòló kan ló wà nílẹ̀. Ìyá ọmọ náà bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún, ó ní òtútù ni. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ó ṣí ojú-ìwé fún un, ó kọ wàrà rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Kò rántí yan ibì kankan nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ó rò pé ilé ló kàn. Àmọ́ nǹkan tuntun ló fi kún un, garawa kò sì mọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un nílé. Gbàgede Àtòkọ ló gbé e lọ, kó lọ rí ọmọ náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Garawa tó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ pọ̀, wọ́n tò lórí irin, kò sí èyí tó lè kọjá ìkejì. Ó bẹ olùṣọ́ pé kó jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ rìn. Olùṣọ́ ní kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà níbẹ̀, irin nìkan ni. Nígbà tó kàn án, ó rí orúkọ ọmọ náà. Ó wá wo àdúgbò wa lórí àtòkọ. Ó ní òun rò pé òun máa rí àlàfo níbi tí orúkọ bàbá òun wà. Kò sí àlàfo. Tèmi ti sún sókè, ó ti fara mọ́ tàwọn ará ilé kejì, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wa rí.

Nílé, ọkọ mi sọ fún Kòléoṣó pé kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Fẹ́hìntọlá, ó ní iyọ̀ inú àkàrà náà pọ̀ díẹ̀. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọwọ́ tí mo ti ń dì mú láti ọjọ́ yìí tí kò mọ̀ pé tèmi ni mo fi dì í. Ó mọ̀ ọ́n báyìí. Ó ní, "Ìyá Ọmọ́yẹni, o ti gbẹ o. Jẹun." Mo ní mo gbọ́. Ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀, kí a má ti fèrèsé.

Eyínfúnjowó rọra ń kì í lábẹ́lẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Oòrùn wà lára aṣọ tó fi bora. Mò ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, mo sì ń wo irin tó wà níta. Ìgbà tí mo tún wo àyà rẹ̀, kò lọ sókè mọ́. Ojú rẹ̀ tutù. Epo àkàrà ṣì wà létí ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ tí Ògúnrìndé kú nìyẹn. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti wọlé wa, kò sí ọjọ́ tó dùn tó o. Gbogbo wa la jẹ nínú rẹ̀, títí kan ará ẹ̀yìn ògiri. Ọmọ tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó lè wà, orí irin ló wà, ó ń dúró kí garawa tiwájú rẹ̀ lọ.